Ọkọ̀ narrowboat lórí kánáàlì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ìbéèrè àti ìdáhùn kí ẹ tó gbéra

Kánáàlì ni odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ fún ọkọ̀. Kánáàlì Oxford la fi ṣe àpẹẹrẹ jù níbí, pàápàá apá tó wà láàárín abúlé Napton àti ìlú Banbury. Ẹni tí kò tu ọkọ̀ rí lè débi tó ń lọ láìṣe ara rẹ̀ léṣe. Ohun tí a sọ nípa ìtọ́kọ̀, lọ́ọ̀kù (yàrá omi tó ń gbé ọkọ̀ gòkè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀) àti síso ọkọ̀ mọ́lẹ̀ wúlò lórí àwọn kánáàlì yòókù náà.

Irú ọkọ̀ wo ni narrowboat gan-an?

Ọkọ̀ irin gígùn tóóró ni. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íńṣì 10, nítorí pé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7 péré ni àwọn lọ́ọ̀kù tóóró tó ń gbà kọjá fẹ̀. Gígùn rẹ̀ lè tó ẹsẹ̀ bàtà 70. Ẹ fojú inú wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tí wọ́n to pálọ̀, ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti yàrá sí tẹ̀léra. Bí ẹnì kan bá ń dáná, ẹni tó fẹ́ kọjá ní láti fẹ̀gbẹ́ rìn. Ẹ má gbé àpótí ńlá tí ẹ fi ń wọ bàálù wá. Báàgì tó ṣeé ká ni kí ẹ kó ẹrù sí, torí pé kò síbi tí àpótí ó wọ̀.

Edú àti ẹrù ilé iṣẹ́ ni wọ́n torí rẹ̀ gbẹ́ àwọn odò yìí, ẹṣin ló sì ń fa ọkọ̀ láti etí odò. James Brindley ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kánáàlì Oxford. Ó kú ní 1772, kánáàlì náà dé Banbury ní 1778, ó sì wọ Oxford ní 1790. Ọ̀nà tí ẹṣin ń rìn nígbà náà ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà létí odò dòní.

Ṣé a nílò láìsẹ́nsì láti tu ọkọ̀ náà?

Rárá. Láìsẹ́nsì ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń yáni lọ́kọ̀, ìyẹn ló sì kàn wọ́n pẹ̀lú Canal & River Trust, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó nǹkan bí 2,000 máìlì kánáàlì àti odò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales láti 2012. Ẹ̀yin yóò gba ẹ̀kọ́ nǹkan bíi wákàtí kan lọ́jọ́ tí ẹ bá gba ọkọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín máa fi fóònù ya fọ́tò lásìkò yẹn, kí ó kúkú fi ya fídíò ẹni tó ń kọ́ yín. Ibi tí wọ́n ti ń ṣí ihò pùròpẹ́là àti ibi tí gíríìsì wà ni gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Báwo ló ṣe ń yára tó, ibo la sì lè dé lọ́sẹ̀ kan?

Ìdáhùn yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí a kọ síbí. Òfin ni pé kí ọkọ̀ má ṣe ju máìlì 4 lọ ní wákàtí kan. Ká sòótọ́, máìlì 3 ló ń lọ, ìyẹn ni bí èèyàn ṣe ń rìn gbẹ̀fẹ́. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ rìn létí odò lè ṣáájú yín dé afárá tó kàn.

Nítorí náà, ẹ má fi máìlì nìkan ṣírò. Ẹ ka lọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan sí máìlì kan, ẹ rò ó pọ̀ mọ́ máìlì tòótọ́, kí ẹ wá fi 3 pín in. Iye wákàtí tí ẹ ó lò nìyẹn. Láti lọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ Napton dé Banbury jẹ́ nǹkan bí 20 máìlì, lọ́ọ̀kù 21 ló sì wà níbẹ̀: mẹ́sàn-án ní Napton, márùn-ún ní Claydon, méje sí i títí dé Hardwick. Ìyẹn jẹ́ 41, wákàtí bíi 14 ní àlọ, 14 míì ní àbọ̀. Lọ́sẹ̀ kan, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lójúmọ́ lẹ ó fi tu ọkọ̀, àyè á sì kù láti jẹun, láti sùn, láti wo àgùntàn. Ẹni tó bá gba ọkọ̀ fún òru mẹ́ta tó ní òun fẹ́ dé Banbury, iṣẹ́ ló ń wá lọ, kì í ṣe ìsinmi. Fenny Compton ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé, kó yí padà níbẹ̀. Kò gbà ju wákàtí mẹ́fà sí méje lọ ní àlọ.

Láàárín Marston Doles, níbi tí lọ́ọ̀kù Napton parí sí lókè, àti Claydon, kánáàlì kò ní lọ́ọ̀kù kankan fún nǹkan bíi máìlì 11. Bí ẹyẹ bá fò ó, kò ju bíi máìlì márùn-ún lọ. Brindley kò fẹ́ náwó gé òkè, ó jẹ́ kí omi máa tẹ̀ lé ìrísí ilẹ̀, ó ń yí òkè po bí okùn. Ní Wormleighton ẹ ó rí oko kan náà lápá ọ̀tún, lẹ́yìn wákàtí kan ẹ ó tún bá a lẹ́yìn. Àwọn kan ń kùn sí i. Lójú tiwa, ibẹ̀ ló dùn jù.

Ibi gbogbo kọ́ lẹ ti lè yí ọkọ̀ padà o. Ibi tí wọ́n fẹ etí odò sí nìkan ni, máàpù sì ń sọ bí ọkọ̀ tó lè yí níbẹ̀ ṣe gùn tó. Ẹ mọ gígùn ọkọ̀ yín sórí.

Báwo la ṣe ń tù ú?

Ìdí ọkọ̀ lẹ ó dúró sí, kí ẹ di ọ̀pá ìtọ́kọ̀ mú. Bí ẹ bá tì í sí ọ̀tún, imú ọkọ̀ á yà sí òsì. Ara á mọ ìyẹn láàárín wákàtí kan. Ohun tó ń pẹ́ kí èèyàn tó gbà ni pé àárín ni ọkọ̀ ti ń yí, kò dà bíi mọ́tò. Bí imú bá ń yà sí òsì, ìdí ń gbá lọ sí ọ̀tún, ó sì lè gbá afárá tàbí ọkọ̀ ẹlòmíì.

Bírékì kò sí. Rìfáàsì ni bírékì, bí ẹ bá sì ti fi sí rìfáàsì, ìtọ́kọ̀ kò ní gbọ́ tiyín mọ́. Ọkọ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 57 wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ ta á kúrò lára ògiri láé. Ẹ jẹ́ kó gbá ògiri. Irin ni, kò ní sunkún.

Bí ẹ bá pàdé ọkọ̀ míì, ẹ yà sí ọ̀tún. Òdìkejì ohun tí wọ́n ń ṣe lójú títì Ìlú Ọba ni, àmọ́ ó bá ti Nàìjíríà mu, nítorí náà ẹni tó ti wa mọ́tò nílé kò ní ṣì í. Àárín odò ló jìn jù. Ẹ má sá lọ sétí odò torí ọkọ̀ tó ń bọ̀, àfi tó bá kù díẹ̀ kí ẹ pàdé.

Níbi tí wọ́n bá so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ sí, ẹ dín eré kù kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ àkọ́kọ́, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá dé ibẹ̀. Omi tí ọkọ̀ yín ń fà ló ń fa èèkàn wọn tu. Ẹ bojú wẹ̀yìn: bí ìgbì bá ń fọ́ létí odò lẹ́yìn yín, eré ti pọ̀ jù. Kí ẹ sì kí gbogbo ẹni tí ẹ bá rí. Ẹni tó bá kọjá láìkí èèyàn lójú odò yẹn, wọn ò ní gbàgbé ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹ ṣàlàyé lọ́ọ̀kù fún wa látìbẹ̀rẹ̀.

Àtẹ̀gùn omi ni. Yàrá kan tí wọ́n fi òkúta tàbí bíríkì mọ, géètì lókè, géètì nísàlẹ̀. Omi ń gba ojú ihò kan wọlé, ó ń gba òmíràn jáde. Pátákó tó ń dí ojú ihò yìí ni wọ́n ń pè ní paddle. Irin tó tẹ̀ bí lẹ́tà L, tí ẹ fi ń yí paddle sókè, ni windlass. Ẹni méjì nílẹ̀ àti ẹnì kan lórí ọkọ̀ ti tó. Lọ́ọ̀kù kan ń gbà tó ìṣẹ́jú 15 sí 20.

Bí ẹ bá ń gòkè, ẹ sọ ẹni tó mú windlass kalẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́ọ̀kù. Kí ó kọ́kọ́ wo òkè. Bí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀ tí lọ́ọ̀kù sì kún, ti ọkọ̀ yẹn ni; ẹ dúró. Nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 25,000 omi ni lọ́ọ̀kù kan ń dà sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, inú àwọn adágún tí wọ́n gbẹ́ bíi ti Boddington ni wọ́n sì ti ń bù ú wá. Nígbà ọ̀dá, Trust lè dín wákàtí tí wọ́n ń ṣí lọ́ọ̀kù kù.

Bí kò bá sí ẹni tó ń bọ̀, ẹ rí i dájú pé paddle òkè ti wálẹ̀ pátápátá, ẹ ṣí ti ìsàlẹ̀ kí omi jáde, kí ẹ wá ṣí géètì. Ẹ má bá géètì jà. Bí omi kò bá tíì dọ́gba, ọkùnrin mẹ́wàá kò ní ṣí i. Tó bá dọ́gba, ẹnì kan á fi ìdí tì í. Ọkọ̀ á wọlé, ẹ ti géètì ìsàlẹ̀, ẹ sọ paddle rẹ̀ kalẹ̀. Nígbà náà lẹ ó ṣí paddle ilẹ̀ ti òkè (èyí tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì) ní ìdajì, kí ẹ wo ọkọ̀. Bó bá dúró jẹ́ẹ́, ẹ ṣí i tán. Paddle tó wà lára géètì òkè fúnra rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án títí omi á fi bò ó, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ omi á rọ́ wọ iwájú ọkọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣí páìpù ńlá.

Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ewu kan wà tó ń rì ọkọ̀ lọ́dọọdún. Lábẹ́ géètì òkè, pèpéle kan yọ síwájú. Omi bò ó, ẹ ò rí i, àmọ́ wọ́n fi ọ̀dà funfun sàmì sí ibi tó parí sí lára ògiri. Bí ìdí ọkọ̀ bá wà lẹ́yìn àmì yìí, omi á lọ sílẹ̀, ìdí á jókòó sórí pèpéle, imú á máa sọ̀kalẹ̀ lọ títí omi á fi wọlé. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹni tó ń tu ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọlé lọ po tíì. Kí ó dúró sídìí ìtọ́kọ̀, kí ó máa wo àmì. Ẹ má sì so okùn mọ́lẹ̀ nínú lọ́ọ̀kù tó ń sọ̀kalẹ̀, torí okùn tí ẹ so á gbé ọkọ̀ kọ́ bí aṣọ.

Bí ọkọ̀ bá ti há, ẹ pariwo, kí ẹni tó wà nílẹ̀ sọ paddle ìsàlẹ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó tó rọra ṣí ti òkè kí omi gbé ọkọ̀ padà. Bó bá jẹ́ imú ló há sábẹ́ igi géètì nígbà tí ẹ ń gòkè, ẹ yí i padà: ẹ pa ti òkè, ẹ rọra ṣí ti ìsàlẹ̀.

Windlass fúnra rẹ̀ ti ṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọwọ́. Irin kékeré kan wà lára ẹ̀rọ paddle tó ń dá a dúró kó má bàa yí padà. Bí irin yìí bá yọ, tí windlass sì wà níbẹ̀, á máa yí bí abẹ̀bẹ̀. Ẹ yọ windlass kúrò ní gbogbo ìgbà tí ẹ kò bá dì í mú. Nígbà tí ẹ bá ń sọ paddle kalẹ̀, ẹ fọwọ́ yí i wálẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó já lulẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kí ló máa ń bàjẹ́, kí la sì lè ṣe fúnra wa?

Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni kí nǹkan lọ́ mọ́ pùròpẹ́là: ọ̀rá, okùn, aṣọ àtijọ́, nígbà míì bẹ́ẹ̀dì tí ẹnì kan sọ sódò. Ẹ ó mọ̀ ọ́n, torí ẹ́ńjìnì á máa kérora, èéfín dúdú á jáde, ọkọ̀ kò sì ní lọ. Ẹ so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ sápò. Ẹ ṣí pátákó ìdí ọkọ̀, ẹ tú ìdè ìdérí irin tó wà lókè pùròpẹ́là, kí ẹ ki ọwọ́ bọ omi. Ọ̀bẹ tó ní eyín ló dára jù. Nígbà tí ẹ bá ṣe tán, ẹ da ìdérí padà, kí ẹ de ìdè rẹ̀ gírígírí, kí ẹ tún un dè lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ tó tanná. Bí ẹ bá tanná nígbà tí ìdérí kò dé dáadáa, pùròpẹ́là á máa da omi sínú ibi tí ẹ́ńjìnì wà, ọkọ̀ sì lè rì.

Láràárọ̀, kí ẹ tó gbéra: ẹ wo ọ́ìlì, ẹ wo omi ẹ́ńjìnì, ẹ wo ìdérí yẹn. Lálẹ́, ẹ yí ọwọ́ agolo gíríìsì ìdí ọkọ̀ títí yóò fi le díẹ̀. Gíríìsì yìí ló ń dí ibi tí ọ̀pá pùròpẹ́là gbà jáde. Bí ẹ kò bá yí i, omi á máa kán wọlé ní gbogbo òru.

Bí ọkọ̀ bá gun ẹrẹ̀, ẹ má tẹ iná síwájú. Rìfáàsì ni, kí gbogbo èèyàn sún sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó kọjú sí ibi tí omi ti jìn, kí ẹnì kan fi ọ̀pá gígùn ti ìsàlẹ̀ odò.

Ṣé iná wà? Ṣé ìnfátà á gbé kẹ́tù?

Iná wà, àmọ́ ẹni tó ń lo ìnfátà nílé ti mọ ìdáhùn. Bátìrì 12V ni, ẹ́ńjìnì ló ń ṣaájì rẹ̀. Ó á gbé gílóòbù, fíríìjì, pọ́ǹpù omi àti fóònù. Kò ní gbé kẹ́tù oníná, áyọ́ọ̀nù, tàbí ohun tí wọ́n fi ń na irun. Kẹ́tù orí gáàsì ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan gbáko, ẹ tan ẹ́ńjìnì fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ sì pa á láàárín aago mẹ́jọ alẹ́ sí aago mẹ́jọ àárọ̀, kí ara lè tu aládùúgbò.

Omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́?

Ẹ fi omi kún táǹkì lójoojúmọ́ tàbí ní ọjọ́ méjìméjì, ní ibi tí máàpù fi ẹ̀rọ omi hàn. Ó lè gba wákàtí kan kó tó kún, nítorí náà ẹ máa dáná lọ́wọ́ bó ṣe ń kún.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pín sí oríṣi méjì. Ọ̀kan ní táǹkì ńlá tí ó tó lò fún ọ̀sẹ̀ kan, ilé iṣẹ́ ló ń fa ẹ̀gbin rẹ̀. Èkejì ní àpótí kékeré tó ń gba nǹkan bíi lítà 20. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, ọjọ́ méjì ló máa kún. Ẹ gbé e lọ dà síbi tí wọ́n ṣe fún un, kọ́kọ́rọ́ Trust tó wà nínú ọkọ̀ ló ń ṣí i. Ẹ béèrè irú èyí tí ọkọ̀ ní kí ẹ tó sanwó, kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀ lórí ẹni tí yóò gbé e.

Ṣé a lè se oúnjẹ wa?

Dáadáa. Sítóòfù gáàsì àti ààrò wà, fíríìjì wà àmọ́ kò tóbi. Ẹ̀lùbọ́, gàrí, irú àti ata gbígbẹ, ẹ rà á ní London tàbí Birmingham kí ẹ tó wá. Ṣọ́ọ̀bù abúlé kò ní í. Ẹ lọ ata nílé, torí bílẹ́ńdà á jẹ bátìrì. Iyán pẹ̀lú odó? Irin ni ara ọkọ̀, gbogbo àdúgbò á gbọ́.

Omi tí ẹ fi fọ abọ́, inú kánáàlì ló ń dà sí tààrà. Ẹ fi bébà nu epo pupa kúrò lára abọ́ kí ẹ tó fọ̀ ọ́, kí ẹ jù ú sí ibi ìdalẹ̀nù. Bí òórùn irú bá pọ̀, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má dí àwọn ojú atẹ́gùn tó wà lára ilẹ̀kùn àti òrùlé láé, bí òtútù bá ń mú yín pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ olóró gáàsì ń gbà jáde. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé àdògán eléèédú wọlé.

A ò mọ odò wẹ̀, a sì ní ọmọ kékeré.

Létí odò, omi kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, kò sì jìn púpọ̀ láàárín. Bí ẹnì kan bá ṣubú, ẹ sọ fún un pé kó dìde dúró. Àmọ́ lákọ̀ọ́kọ́, fi gíà sí àárín, kí pùròpẹ́là dúró. Má ṣe rìfáàsì sọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́ọ̀kù yàtọ̀: omi rẹ̀ jìn, ògiri rẹ̀ ń yọ̀. Ilé iṣẹ́ ń yáni ní jákẹ́ẹ̀tì adáàbòbò. Kí ọmọ wọ̀ ọ́ nígbàkígbà tó bá wà níta. Bàtà tó ń di ilẹ̀ mú ni ẹ nílò, kì í ṣe sílípáàsì. Ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá di okùn mú, nítorí ìtọ̀ eku inú omi lè fa àìsàn.

Ibo la ti lè sùn?

Ní ẹ̀gbẹ́ tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà, ẹ lè so ọkọ̀ mọ́ ibi púpọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó lè pẹ́ tó ọjọ́ 14 níbi tí pátákó kò bá ti sọ ohun mìíràn. Ẹ má so ó mọ́ iwájú lọ́ọ̀kù, ibi ẹ̀rọ omi, ibi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà tàbí ibi ìyípadà. Èèkàn irin méjì àti òòlù ló wà nínú ọkọ̀. Ẹ gbá ọ̀kan síwájú imú, ọ̀kan sẹ́yìn ìdí, kí wọ́n dagun, kí okùn má le gan-an. Ẹ fi ọ̀rá funfun sórí èèkàn kí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ má bàa kọsẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń tu ọkọ̀ àyálò lóru, nítorí náà ẹ wá ibi ìdúró kí oòrùn tó wọ̀.

Ìgbà wo ló dára, èló sì ni?

Oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹwàá. Lásìkò òtútù ni wọ́n ń ti lọ́ọ̀kù pa láti tún un ṣe. Oṣù Karùn-ún àti Kẹfà ló wù wá jù: ojúmọ́ gùn, ilé ìwé kò tíì gba ìsinmi gígùn. Ọkọ̀ ẹni méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lè wà lábẹ́ £1,000 lọ́sẹ̀. Ti ẹni mẹ́fà ní oṣù Kẹjọ lè ju £2,000 lọ. Ẹ béèrè bóyá dísẹ́ẹ̀lì wà nínú owó náà, àti iye owó ìdúró fún ìbàjẹ́.

Báwo la ṣe máa débẹ̀?

Reluwé láti London Marylebone ń lọ sí Leamington Spa àti Banbury. Láti Leamington ẹ wọ takisí lọ sí Napton. Ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà nílò físà àbẹ̀wò, kò sì sí físà pàtàkì kankan fún ọkọ̀ omi.

Ọ̀sán ni wọ́n ń gba ọkọ̀, àárọ̀, bíi aago mẹ́sàn-án, ni wọ́n ń dá a padà. Lálẹ́ tó ṣáájú, ẹ sùn síbi tí kò ju wákàtí kan lọ sí ọgbà ọkọ̀, kí lọ́ọ̀kù kankan má sì sí láàárín, torí bí ẹ bá bá ọkọ̀ mẹ́ta lórí ìlà ní aago méje àárọ̀, kò sí bí ẹ ṣe lè yára.